Gbé E Dìde, Gbọn Ẹ̀yìn Rẹ̀

Adélékè Àjàní Ọ̀ṣíbọ̀wálé. Ọmọ Ìbẹfun, ọmọ Alárè. Kúkúrú tí í gbé gíga ṣánlẹ̀. Àjànàkú inú ìyẹ̀fun pákó. Ọkọ Ìyá Títí, baba àwọn ọmọ tí kì í ṣe òun ló bí wọn. Kóòṣì, mo kí yín, ẹ ò dá mi lóhùn.

Pákó ni mò ń fá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ Ọjọ́rú nígbà tí òórùn ìyẹ̀fun rẹ̀ gbá mi nímú. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń fá pákó, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ náà yàtọ̀, torí pé pósí Kóòṣì ni mò ń kàn. Mo gbé irinṣẹ́ sílẹ̀, mo jókòó. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí òórùn yẹn gbé mi lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Ìjẹ̀bú-Òde mọ bọ́ọ̀lù, ó mọ eré sísá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́ rí pé wọ́n ń kọ́ èèyàn ní ìjàkadì nílé ìwé. Jọ́gíráfì ni wọ́n gba Kóòṣì wá kọ́ wa. Kò pẹ́ tí wọ́n dé tí wọ́n fi kó wa lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, wọ́n ní ká gbẹ́ kòtò tó fẹ̀ tó yàrá kan, ká fi ìyẹ̀fun pákó kún un. Sọ́míìlì tó wà lọ́nà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ la ti ń rù ú nínú báàfù. Ara a sì máa yún wa títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tí Kóòṣì bá délé, Ìyá Títí aya wọn á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“Bàbá Títí, ẹ tún ti kó sọ́míìlì wọlé! Ẹ gbọn ara yín síta o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbálẹ̀ ni.”

Èmi ni mo fúyẹ́ jù nínú àwa tí Kóòṣì ń kọ́. Kọ́ládé ló gbọ́n jù. Múfútáù, ọmọ Alhaja Sìfáwù tó ń ta aṣọ, ló lágbára jù.

Ìdíje àkọ́kọ́ wáyé ní pápá wa, àwa àti ilé ìwé kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Èmi ti ṣubú ní tèmi kí àwọn èèyàn tó ráyè jókòó dáadáa. Ó wá kan Múfútáù. Ó gbá ọmọ gíga kan tó ń jẹ́ Rọ̀pò mú nítan, ó gbé e, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, gbì! Ní àdúgbò wa, ìjà ti parí nìyẹn. Láti kékeré la ti mọ̀ pé bí ẹ̀yìn bá ti kanlẹ̀, ẹni tó dá èèyàn á na ọwọ́ sí i, á gbé e dìde, á gbọn iyanrìn ẹ̀yìn rẹ̀ nù, kí eré má baà di ọ̀tá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Múfútáù ṣe. Ó ń gbọn ẹ̀yìn Rọ̀pò, àwa ti ń jó. Ṣùgbọ́n nínú ìjàkadì ilé ìwé, èjìká méjèèjì ní láti wà nílẹ̀ títí rẹfirí á fi fọn fèrè, rẹfirí ò sì tíì fọn nǹkan kan. Rọ̀pò yí padà, ó wọ́ Múfútáù lẹ́sẹ̀, ó fàyà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Fèrè dún. Kọ́ládé ọlọ́gbọ́n bọ́ síta lẹ́yìn rẹ̀, òun náà tún gbé tirẹ̀ dìde.

Ọ̀gá àgbà ilé ìwé pe Kóòṣì lójú wa. “Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣíbọ̀wálé, ìdíje kan ló kù fún yín. Bí àwọn ọmọ yìí ò bá borí ní táàmù tó ń bọ̀, ẹ ó dí kòtò yẹn.” Tíṣà àgíríkì, Ọ̀gbẹ́ni Fásanyà, ò tiẹ̀ dúró de táàmù tó ń bọ̀. Okùn ló mú wá láti fi wọn ibẹ̀. Ó ní tòmátì ilẹ̀ yẹn á tóbi bí orí ọmọ tuntun.

Inú bí Kọ́ládé. “Kóòṣì, a ò ní gbé ẹnikẹ́ni dìde mọ́. Kí wọ́n máa sùn síbẹ̀.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?” Kóòṣì ò rẹ́rìn-ín. “Ìwà tí ìyá yín kọ́ yín kọ́ ló dá yín, ìkánjú ni. Dì í mú títí fèrè á fi dún. Tó bá dún tán, gbé e dìde, gbọn ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe méjèèjì, kó lọ bá Fásanyà gbin tòmátì.”

Láti ọjọ́ náà, Kóòṣì fúnra wọn ló ń sùn sínú ìyẹ̀fun, tíṣà tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tí a ó máa tẹ èjìká wọn mọ́lẹ̀. Fèrè wà lẹ́nu wọn, wọn ò ní fọn ọ́n. Wọ́n á kàn máa wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń gba atẹ́gùn. Ẹni tó bá dìde kí fèrè tó dún, báàfù ń dúró dè é, ó di sọ́míìlì.

Ìjẹ̀bú-Igbó la lọ fún ìdíje kejì. A borí nínú méjì, àwọn náà borí nínú méjì, ó ku Múfútáù àti Rọ̀pò. Wọ́n fà á títí, òógùn ń já bọ́ lára wọn. Lójijì Múfútáù gbé e, ó dá a. Ariwo ta: “Ẹ̀yìn kanlẹ̀! Ẹ̀yìn kanlẹ̀!” Alhaja Sìfáwù tó tẹ̀lé wa lọ tú gèlè, ó fi gbàdí, ó sáré bọ́ sí pápá.

“Múfú! Gbé ọmọ ọlọ́mọ dìde, ó tó!”

Mo rí i tí Múfútáù yíjú síbi tí ohùn náà ti wá. Ìyá rẹ̀ ló ń pàṣẹ. Ní ìhà kejì, Kóòṣì ti fàyà lélẹ̀ létí pápá, wọ́n ń wo èjìká Rọ̀pò. Múfútáù di ojú rẹ̀. “Ẹ ní sùúrù, Màámi!” Kò tú ọwọ́ sílẹ̀. Ó dàbí ẹni pé rẹfirí gbàgbé fèrè sílé. Ìgbà tó wá dún, Múfútáù na ọwọ́, ó gbé Rọ̀pò dìde, ó gbọn ẹ̀yìn rẹ̀. Rọ̀pò náà sì gbọn ikùn tirẹ̀ fún un.

Tòmátì Fásanyà lọ sẹ́yìn ilé ìgbẹ́. Kóòṣì bẹ̀rẹ̀ sí í gun fẹ́sípà lọ sí Ìjẹ̀bú-Imuṣin àti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, àpò ìyẹ̀fun pákó lẹ́yìn wọn, wọ́n ń kọ́ àwọn ilé ìwé mìíràn. Nígbà tí bàbá mi kú, tí mo kúrò ní fọ́ọ̀mù kẹta lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà, ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ni Kóòṣì ti ń wá kó ìyẹ̀fun. Wọ́n á ní, bí ẹni pé mo ṣì ń jìjàkadì, “Káfíńtà, ọrùn rẹ ò gbọdọ̀ rọ̀ o.”

Lónìí, sìmẹ́ńtì ti bo kòtò yẹn, mọ́tò ló ń dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, ọmọ méjì ń bá ara wọn wọ̀yá ìjà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ọ̀kan dá èkejì, ó dì í mú díẹ̀, ó gbé e dìde, ó gbọn ẹ̀yìn rẹ̀. Mo béèrè ẹni tó kọ́ ọ. Ó wò mí bíi pé orí mi dàrú. “Bàbá, ṣebí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn?”

Mo dìde lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ Ọjọ́rú yẹn, mo parí iṣẹ́ mi. Mo kó ìyẹ̀fun pákó náà, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ aṣọ funfun inú pósí.

Kọ́ládé wá. Múfútáù ti Ìlọrin wá, ó ń fi ọ̀pá rìn. Rọ̀pò wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó, orí rẹ̀ funfun báláú. Nígbà tí a gbé pósí kalẹ̀ létí ibojì, iyanrìn ti dà lé ìdérí rẹ̀. Múfútáù na ọwọ́, ó sì dáwọ́ dúró, bí ẹni tó ń retí fèrè. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀, ó rọra gbọn iyanrìn náà nù.

Ọjọ́ Ẹtì la sin wọ́n, ní Ìbẹfun, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀.