Eegun Itan Ìyá Ìbejì

Aránṣọ ni Ìyá Ìbejì. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló máa ń wà láti òwúrọ̀ dalẹ́, àfìgbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì tó ra bàtà eré, tí eré sísá sì wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Láàárín oṣù mẹ́ta, kìlómítà mẹ́wàá lọ́sẹ̀ ti di àádọ́ta. Ayọ̀ ń pa á bí ọtí.

Ìgbà tó yá, itan òsì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Bó bá sáré, á ro ó. Bó bá sinmi, á fi í sílẹ̀. Bàbá Ìbejì, ọkọ rẹ̀, ní iṣan ló fà. Wọ́n fi òróró wọ́ ọ títí, kò gbọ́. Nígbà tó di pé ó ń tiro, ó gba ọ̀dọ̀ dókítà eegun lọ.

Ìyá àgbà kan tó rí fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyẹ ni dókítà náà. Ó ní kó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹsẹ̀ máa fì. Ó ki apá kan sábẹ́ itan, ó fọwọ́ kejì tẹ orúnkún wálẹ̀. Ìyá Ìbejì fò sókè.

"Ṣé ó dùn ọ́, ọmọ mi?"

"Ẹ bi àjà léèrè, mà. Díẹ̀ ló kù kí orí mi kàn án."

Fọ́tò eegun tí wọ́n kọ́kọ́ yà kò fi nǹkan kan hàn. Dókítà ní irú èyí kì í tètè hàn níbẹ̀, ó ní kó lọ dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ ńlá kan tó ń dún gbàgàgbàgà. Ibẹ̀ làṣírí ti tú: eegun itan ti sán, ìlà tín-ín-rín bí irun orí.

"Eré yẹn ló pọ̀ lápọ̀jù. Eegun ń tún ara rẹ̀ ṣe, o ò fún un láyè. Bó o bá tún sá a báyìí, ó lè kán pátápátá, iṣẹ́ abẹ ló máa kàn. Kí lò ń jẹ láàárọ̀?"

"Tíì."

"Tíì àti kí ni?"

"Tíì àti ìtara, mà."

Dókítà ní kó fi ọ̀pá méjì rìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó sì máa jẹun gidi. Ìyá Ìbejì ti rò pé òun á sunkún, àmọ́ ẹ̀rín ló bú sí. Ó ti ń bú ara rẹ̀ lọ́lẹ láti ọjọ́ yìí, kò mọ̀ pé eegun ló sán.

Bàbá Ìbejì wá sọ ara rẹ̀ di alásè àárọ̀. Ẹyin, ẹja, wàrà. Kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Àwọn ìbejì ń ka ọjọ́, ìyá wọn ń fi ọ̀pá méjèèjì jó láti yàrá dé ilé ìdáná.

Lọ́sẹ̀ kẹwàá, lẹ́yìn tí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò tí kò dùn ún mọ́, ó fún un ní ìṣẹ́jú kan péré láti sá. Bàbá Ìbejì di aago mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ìyá Ìbejì sáré, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé èémí fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó o. Nígbà tí ìṣẹ́jú pé, ọkọ rẹ̀ ní kó dúró. Ó dúró lóòótọ́, ó so mọ́ ọn lọ́rùn, àwọn méjèèjì sì jùmọ̀ jókòó sínú koríko, wọn ò lè dìde fún ẹ̀rín.