Káàdì Orrin tí Maxine Kà

Maxine Uriarte ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú u díẹ̀ kí n tó yìn ín. Olórí kunkun ni. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi se oúnjẹ fún àwọn awakùsà lẹ́yìn ìlú Winnemucca, títí orúnkún rẹ̀ ọ̀tún fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ ìdúró mọ́. Clay ọmọ rẹ̀ bá ní òun máa gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá láti ìlú Boise láti kó o lọ, kó wá máa gbé yàrá tó wà lẹ́yìn gáráàjì òun. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n Maxine kò fẹ́ lọ. Ó ní òun ò lè fi ilé tí òun fọwọ́ ara òun kùn lọ́dà sílẹ̀, kí òun wá lọ máa bá táyà gbé.

Iṣẹ́ ìjókòó kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù nílùú wa ni káàdì pípín, níbi tí àwọn èèyàn ti ń ta káàdì póòkà fún owó. Ọ̀gá Virgil Etcheto ló ni ibẹ̀, ó sì ti di ọdún méjìlélógún tí mo ti ń pín káàdì fún un. Èmi àti Maxine jọ lọ sílé ìwé ni, nítorí náà mo ní màá kọ́ ọ.

Ojú mi rí nǹkan! Ọwọ́ rẹ̀ yá, àmọ́ èwo ló ju èwo lọ, kò wọ̀ ọ́ lórí. Ó há gbogbo rẹ̀ sórí bí ọmọ iléèwé: ìbejì, ìyẹn káàdì méjì tí nọ́ńbà wọn bára mu, ìbejì méjì, ìbẹta, onítẹ̀léra tí nọ́ńbà márùn-ún tẹ̀ léra wọn, alámì-kan tí àmì márààrún kò yàtọ̀, títí dókè. Tó bá ti wá jókòó, táwọn èèyàn ń wo ẹnu rẹ̀, á dàrú mọ́ ọn lójú. Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá kọ́kọ́ dán an wò, ó gbé owó oníke tí wọ́n fi ń ta á fún onítẹ̀léra lójú alámì-kan. Ọ̀gá ní kó lọ sílé, kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù.

Mo bú u nínú ọkọ̀ títí a fi délé rẹ̀. Ó jẹ́ kí n bínú tán, ó wá bi mí pé, "Ronda, kí ló dé tí alámì-kan fi ju onítẹ̀léra lọ?"

Mo ní bí a ṣe bá a nìyẹn. Ó ní èsì ọ̀lẹ nìyẹn.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pín káàdì fún ara rẹ̀ lórí tábìlì ilé ìdáná, márùn-ún márùn-ún. Irú èyí tó bá ti jáde, á ju hóró ẹ̀wà kan sínú ife tirẹ̀. Nígbà tó máa fi pín in nígbà ẹgbẹ̀rún méjì, ìbejì ti kún ife, ó ti bọ́ sínú ìkòkò. Onítẹ̀léra ní ẹ̀wà mẹ́jọ. Alámì-kan ní mẹ́rin. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní èyí tó bá ṣọ̀wọ́n jù ló ga jù, kí ló dé tí n kò sọ bẹ́ẹ̀ fún òun láti ọjọ́ yìí? Ojú tì mí. Mo jẹ́wọ́ pé èmi náà kò mọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, tó ku ọ̀la kí Clay dé, ó padà jókòó sídìí tábìlì Ọ̀gá fún ìdánwò kejì. Bí ìṣe rẹ̀, Ọ̀gá Virgil fúnra rẹ̀ bá wọn ta á. Orrin Tweed, bàbá ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin tó ń da àgùntàn nígbà kan rí, jókòó ní iwájú rẹ̀. Èmi dúró ti ògiri, n kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá àti Orrin nìkan ló kù nínú eré. Káàdì méjì wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, márùn-ún wà láàárín fún gbogbo wọn, kí kálukú lè yan márùn-ún tó dára jù nínú méjèèje. Ọ̀gá ṣí tirẹ̀ sílẹ̀: onítẹ̀léra. Orrin ti rí Jáàkì méjì àti ẹ̀jọ méjì láti ìbẹ̀rẹ̀, inú rẹ̀ dùn sí i débi pé kò wo nǹkan mìíràn mọ́. Ó ṣí tirẹ̀ náà, ó ní ìbejì méjì lásán ni, ó pòṣé, ó tì í sọ́dọ̀ Maxine pé kó máa kó o lọ. Ọ̀gá ti ń rẹ́rìn-ín, ó ti ń kó owó oníke mọ́ra.

Níbi tiwa, ẹnu kò já mọ́ nǹkan kan. Káàdì tí a bá ti ṣí sílẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, apínkáàdì ló sì máa kà á. Ṣùgbọ́n tó bá ti lè kó o mọ́ èyí tí wọ́n ti jù sílẹ̀, káàdì náà kú nìyẹn, kò lè jẹ mọ́. Ọwọ́ Maxine sì ti wà lórí káàdì Orrin. Mo rí i láti ìdí ògiri: àmì sípéèdì ló wà lára méjèèjì, sípéèdì mẹ́ta sì wà láàárín. Mo fọwọ́ bo ẹnu ara mi.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo káàdì, ó wo ọ̀gá tó lè gbà á síṣẹ́ tàbí kó lé e dé Boise. Ó wá fi ìka ti sípéèdì márùn-ún síwájú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi í sílẹ̀. Alámì-kan ni. Orrin ló jẹ ẹ́."

Ọ̀gá ní, "Orrin fúnra rẹ̀ ló sọ pé ìbejì méjì ni."

"Orrin ti sọ tẹnu rẹ̀. Káàdì rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá ká ọwọ́ kúrò. Orrin wá awò ojú rẹ̀, ó wò ó tán, ó kó gbogbo rẹ̀ láìdúpẹ́. Mo ní ó tán, Maxine ti ba tirẹ̀ jẹ́.

Ọ̀gá dìde, ó dé fìlà rẹ̀. "Ẹni tó bá lè gbé ti ẹlòmíì fún mi nítorí pé èmi ni ọ̀gá, ó máa gbé tèmi fún ẹlòmíì lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án. Ṣẹ́ẹ̀tì dúdú ni kó o wọ̀."

Ara tù mí débi pé mo wá àga jókòó. Maxine kò jó, kò sunkún. Ó jáde síta, ó pe ọmọ rẹ̀, mo dúró tì í.

Ó ní, "Clay, ṣì máa bọ̀ lọ́la o. Ṣùgbọ́n oúnjẹ lásán lo wá jẹ."