Òkun Bàámi ní Bódìjà

Òórùn òkun ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Ìbàdàn láyé ìgbà yẹn mọ̀ pé òkun jìnnà sí wa. Ní ẹ̀yìn ọjà Bódìjà tí à ń gbé, òórùn tí a mọ̀ ni ti pákó tútù láti ọ̀dọ̀ àwọn onípákó, ti èlùbọ́ nínú àpò, àti ti ẹ̀fọ́ tó ń jẹrà lẹ́yìn òjò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jáde sí pálọ̀, tí oorun ò tíì dá lójú mi, mo bá kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo fi ìka kan ẹnu ọ̀kan, mo lá a. Iyọ̀ ni.

Omi òkun ni Bàámi bù dé láti Èkó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ọmọ Ìlàjẹ ni Bàámi, etí òkun ni wọ́n bí wọn sí, apẹja sì ni bàbá tó bí wọn lọ́mọ. Iṣẹ́ ló gbé wọn wá sí Ìbàdàn. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń tọ́jú ní ilé àyẹ̀wò kan ní yunifásítì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹja. Màámi, tí í ṣe ọmọ Ìbàdàn, tí wọ́n ń ránṣọ, máa ń sọ pé ara nìkan ni ọkọ àwọn gbé wá sí Bódìjà, pé ọkàn wọn ṣì wà nínú ọkọ̀ ojú omi.

Bàámi fẹ́ kí òkun kékeré kan wà nínú pálọ̀ wa. Alàájì onígíláàsì ní Dùgbẹ̀ bá wọn gé àpótí gíláàsì ńlá kan, wọ́n gbé e sórí tábìlì pákó, wọ́n sì to òkúta òkun sínú rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun abẹ̀mí tó lẹ̀ mọ́ wọn lára. Àwọn kan dà bí òdòdó. Bí nǹkan bá kàn wọ́n báyìí, wọ́n á ká jọ. Ẹja wẹẹrẹ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, àti akàn kan tí kò tóbi ju èékánná mi lọ. Bàámi ní ẹja inú omi iyọ̀ kì í fara da ìdọ̀tí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe àpótí kejì sábẹ́ tábìlì, èyí tí òyìnbó ń pè ní sọ́ǹpù, tí àwa ń pè ní àpótí ìsàlẹ̀.

Gíláàsì ni wọ́n fi pín in sí yàrá mẹ́ta. Omi á ti òkè gba inú páìpù ṣàn wá sí yàrá kìíní, níbi tí fóòmù ti ń gba ìdọ̀tí. Á kọjá sí yàrá kejì, tó kún fún ìkarahun òkun tí a fọ́ wẹ́wẹ́. Á wá bọ́ sí ẹ̀kẹta, níbi tí páǹpù ti ń tì í padà sókè. Ìró omi yẹn kì í dákẹ́. Tòun ti bí ọjà ṣe ń pariwo lẹ́yìn fèrèsé wa, òun ni mò ń gbọ́ bí mo bá ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé.

Iṣẹ́ tèmi ni láti máa fi omi kún un. Ooru máa ń fa omi gbẹ, ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í bá a lọ. Nítorí náà, bí mo bá ti ilé ìwé dé, mo ní láti bu omi tó mọ́, tí kò níyọ̀, sí yàrá kẹta, títí yóò fi kan ìlà funfun tí Bàámi fi ọ̀dà fà sára gíláàsì. "Kò gbọdọ̀ kọjá ìlà, Rónkẹ́," ni Bàámi wí. "Àyè tó ṣófo yẹn níṣẹ́ tó ń ṣe. Bí iná bá lọ, omi díẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ibẹ̀ ló máa dúró sí." Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n kò yé mi.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, àwọn ọmọ ilé kejì ń ṣeré tẹn-tẹ̀n níta, wọ́n ń pè mí. Mo rò ó pé bí mo bá bu omi ọjọ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, mo ti bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ nìyẹn. Mo bù ú títí ó fi kún dé ẹnu, mo sì sáré jáde. Kò pẹ́ tí rédíò ilé kejì fi dákẹ́. Iná ti lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, mo gbọ́ tí Màámi ń pe Bàámi, ohùn wọn kò sì dà bí ohùn tí mo mọ̀.

Nígbà tí mo wọlé, omi iyọ̀ ti gba gbogbo pálọ̀. Sùtánà funfun tuntun tí Màámi rán fún ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́jọ́ kejì ni wọ́n tẹ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì pupa wa kí wọ́n lè ṣẹ́ etí rẹ̀. Aró kápẹ́ẹ̀tì ti wọ̀ ọ́ láti ẹsẹ̀ dé ìgbáròkó.

"Bàbá Rónkẹ́," ni Màámi wí, wọn ò tilẹ̀ pariwo, "mo ti fara dà á tó. Kó tó di Sátidé tó ń bọ̀, kí òkun yín ti kúrò nílé yìí."

Bàámi wo àpótí ìsàlẹ̀. Wọ́n wò mí. Wọ́n wá yíjú sí Màámi. "Ẹ̀bi mi ni, Ìyá Rónkẹ́. Ìṣirò mi ni kò pé."

Mo mú abọ́, mo dúró ti Bàámi, a jọ ń bu omi sókè, a ń dà á padà kí ẹja lè rí atẹ́gùn mí, títí iná fi dé. Wọn ò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mi ò fi jẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, nígbà tí mo ti ilé ìwé dé, mo bá Bàámi lórí ìjókòó níwájú àpótí, sípánà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Mo kúnlẹ̀. "Bàámi, èmi ni mo bu omi kọjá ìlà. Mo fẹ́ lọ ṣeré ni."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Mo ti ń retí rẹ."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi gba ẹ̀bi ẹlẹ́bi. Wọ́n gbé sípánà sílẹ̀. "Mi ò purọ́ fún ìyá rẹ. Bí ohun tí mo kàn bá lè ba ilé jẹ́ nítorí pé ọmọdé kan fẹ́ ṣeré, a jẹ́ pé mi ò kàn án dáadáa. Mú ìwé rẹ wá."

A jókòó, a sì tún àwòrán àpótí náà yà látìbẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo di rúlà mú. A fi kún gíga àpótí ìsàlẹ̀. A ya ihò kékeré sára páìpù tó ń gbé omi lọ sókè, níbi tó kù díẹ̀ kó kan ojú omi, kí atẹ́gùn lè gbabẹ̀ wọlé, kí páìpù má bàa máa fa omi padà bí iná bá lọ. A tún fi páìpù mìíràn sí etí àpótí, ó gba ara ògiri jáde sí gọ́tà. Lọ́jọ́rú a gba Dùgbẹ̀ lọ kí wọ́n lè bá wa gé gíláàsì tuntun. Alàájì wo ohun tí mo yà, wọ́n ní, "Ta ló ya èyí?" Bàámi ní, "Ẹnjiníà mi ni."

Láàárọ̀ Sátidé, Màámi wá dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, wọ́n ká apá mọ́ àyà. Bàámi ní kí n bu omi sí yàrá kẹta kọjá ìlà, bí mo ṣe bù ú lọ́jọ́sí. Nígbà tí mo bù ú tán, Bàámi fa wáyà kúrò lára iná. Omi ń bọ̀ láti òkè, ó ń ga, ó ń ga. Ó kan páìpù tuntun, a sì gbọ́ tó ń ṣàn sí gọ́tà lẹ́yìn ògiri. Ilẹ̀ pálọ̀ gbẹ.

Ìgbà yẹn ni mo kúnlẹ̀ fún Màámi, mo sì jẹ́wọ́ fún àwọn náà. "Dìde," ni Màámi wí. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Òkun bàbá rẹ lè dúró. Ṣùgbọ́n ìwọ ni wàá fọ sùtánà náà." Mo fọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, kò funfun mọ́, Màámi sì ń wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀, láìbìkítà.

Bàámi ti lọ sinmi báyìí. Èmi náà ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo sì ń darí àwọn tó ń po oògùn ní ilé ìwòsàn kan. Bí ọmọ iṣẹ́ kan bá ṣàṣìṣe, mo máa ń kọ́kọ́ wo bí a ṣe to iṣẹ́ náà kí n tó wo ojú rẹ̀. Bàámi ló kọ́ mi. Ṣùgbọ́n kí n má tan yín: bó bá jẹ́ èmi gan-an ni mo ṣàṣìṣe, ẹnu mi ṣì máa ń wúwo. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọdé yẹn fi dákẹ́. Tèmi báyìí kì í ju ọ̀sán kan lọ. Gbogbo ìdàgbàsókè mi nìyẹn, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀, tó sì dúró dè mí.