Ákítọ̀ Kì í Kú

Ọjọ́ Sátidé tí Ìyá Ẹ̀pẹ́, ìyá tó bí bàbá mi, wo fíìmù kábọ́ọ̀yì nílé wa ní Ìgbògbò kò lè kúrò lọ́kàn mi láé.

Màmá mi ti gbé ìrẹsì fún un, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin kan tó dé akẹtẹ̀, tó ń gun ẹṣin, tó sì ń yára yọ ìbọn ju gbogbo wọn lọ, ti wọ̀ ọ́ lójú.

Ó bi mí pé, “Ṣé wọn ò ní pa ọmọ ọlọ́mọ yìí báyìí?”

Mo ní, “Ẹ fọkàn yín balẹ̀, mà. Ákítọ̀ kì í kú.” Olórí eré là ń pè ní ákítọ̀ nígbà náà, gbogbo ọmọ àdúgbò ló sì mọ̀ pé kì í kú.

Àfi gbàù! Ọkùnrin náà ṣubú sínú eruku, wọ́n sin ín, fíìmù parí. Ìyá Ẹ̀pẹ́ bú sẹ́kún, ó ti ìrẹsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“O purọ́ fún mi,” ló wí. Inú mi bàjẹ́ gan-an.

Ni bàbá mi bá fi síídì mìíràn sí i. Kò pẹ́, ọkùnrin kan náà yọ lórí ẹṣin, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Ẹ̀pẹ́ fò dìde, ó dì mọ́ mi.

“Òun nìyẹn! Kò kú!”

Bàbá mi fẹ́ ṣàlàyé pé eré ọ̀tọ̀ ni, màmá mi tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ní ká gbé ìrẹsì òun wá.

Ó ti pẹ́ tó ti fi wá sílẹ̀. Bí mo bá rántí rẹ̀, n kì í sunkún. Mo kàn máa ń rò ó pé wọn ò tíì fi síídì kejì sí i ni.