Etí Tó Ń Gbé Pẹ́ńsù

Káfíńtà ni. Ọ̀gá Déédé ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ohun tó bá ti fojú wọ̀n, tépù kì í já a nírọ́. Ó lé ní ogún ọdún tó ti ń kan ìlẹ̀kùn àti àga, iwájú ṣọ́ọ̀bù ló sì ti ń ṣe gbogbo rẹ̀, nínú oòrùn gangan, torí ó ní òun kì í rí ojú igi dáadáa lábẹ́ òrùlé. Àfín sì ni. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyá rẹ̀ a máa fi akẹtẹ̀ bò ó lórí títí ojú á fi máa tì í láàárín ẹgbẹ́. Ọjọ́ tó di ọ̀gá ara rẹ̀ ló ju akẹtẹ̀ sẹ́yìn àpótí. Ó ní àgbàlagbà kì í sá fún oòrùn. Ẹ ò rí agídí, bí ẹni pé oòrùn mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé.

Tó bá ti fa ìlà sára pákó tán, ẹ̀yìn etí ọ̀tún ni pẹ́ńsù ń padà sí. Ibẹ̀ ni pẹ́ńsù ń gbé. Ó ń bá a jẹun, nígbà mìíràn ó ń bá a sùn, ìyàwó rẹ̀ ló máa ń yọ ọ́. Nítorí náà, nígbà tí egbò kékeré kan yọ sórí etí náà, níbi tí pẹ́ńsù ń gbà kọjá gan-an, kò yà á lẹ́nu. Egbò náà á di èépá, èépá á ṣí, á ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀, á tún di èépá.

"Pẹ́ńsù ló ń ha á," ló ń sọ.

Ó gbé pẹ́ńsù lọ sí etí òsì, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti mọ ọ̀nà láti ogún ọdún, kò ṣeé tan. Kó tó di ọ̀sán, pẹ́ńsù á ti padà sílé. Oṣù mẹ́jọ gbáko ló fi ń di ẹ̀bi ru igi tí kò lẹ́nu tí yóò fi dáhùn.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń fọ aṣọ ìrọ̀rí, òun ló sì ń rí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ láràárọ̀. Tíṣà ìṣirò ni, kì í gba "ó jọ bẹ́ẹ̀" lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó sì kó gbogbo pẹ́ńsù tó wà níbẹ̀, mọ́kànlá, ó dà wọ́n sínú báàgì rẹ̀.

"Oṣù kan péré ni, Bàbá wọn," ó ní. "Tó bá jẹ́ pẹ́ńsù ni, á san. Tí kò bá san, ilé ìwòsàn lẹ ń lọ."

"Tíṣà, kí ni kí n máa fi fa ìlà?"

"Ẹ máa lo ṣọ́ọ̀kì."

Ìlà ṣọ́ọ̀kì nípọn, ayùn ò sì mọ ẹ̀gbẹ́ wo ni kó gbà. Láàárín oṣù yẹn, oníbàárà kan dá tábìlì padà, ó ní ó ń mì. Tábìlì Ọ̀gá Déédé ń mì! Àwọn ará àdúgbò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí oṣù pé, egbò náà ti tó èékánná àtàńpàkò, ó sì ti le ní ìdí.

Tíṣà ò fi í rẹ́rìn-ín. "Pẹ́ńsù ò jẹ̀bi," ó ní. "Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, Bàbá wọn. Ẹ dìde."

Dókítà tí wọ́n bá jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tó wọ awò ojú. Ó wo etí, ó tẹ ọrùn rẹ̀ kiri bóyá kókó wà níbẹ̀, ó wo orí, ó wo apá, ó wá bu bíńtín lára egbò náà fún àyẹ̀wò. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó sọ ọ́ láì fi bọpobọyọ̀: jẹjẹrẹ awọ ara ni, oòrùn ló sì fà á. Ẹ̀rù jẹjẹrẹ ba káfíńtà, ṣùgbọ́n ká má purọ́, ẹ̀rù etí ló kọ́kọ́ bà á.

"Ṣé gbogbo etí lẹ máa gé, ma?"

"Rárá, bàbá. Òkè rẹ̀ ni. A ò ní fún yín lóògùn oorun. A máa gún yín lábẹ́rẹ́ sí etí, ìyẹn á ta yín dáadáa. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ máa mọ̀ pé ọwọ́ ń kàn yín, àmọ́ kò ní dùn yín. Màá gé egbò náà, màá sì gé díẹ̀ lára awọ tó dáa tó yí i ká."

"Èyí tó dáa ńkọ́? Kí ló ṣe?"

"Jẹjẹrẹ náà lè ti wọ ibi tí ojú ò rí."

Ó fẹ́ jiyàn. Ó wá rántí pákó tí ikán bá jẹ. Òun fúnra rẹ̀ kì í gé e níbi tí ihò ti hàn, á wọnú ibi tó dáa kó tó ki ayùn bọ̀ ọ́, torí ikán kì í dúró síbi tó ti fara hàn. Ó ní kí wọ́n gé e. Ẹni ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ ní í ṣe lákáǹlákàn tọ alábẹ lọ.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì tóóró kan lábẹ́ iná funfun, wọ́n sì fi aṣọ tó ní ihò kan bo orí rẹ̀, tó fi jẹ́ pé etí nìkan ló yọ síta. Ó mọ̀ ọ́n lára nígbà tí Dókítà ń fi bírò fa nǹkan yí egbò náà ká.

"Ẹ̀yin náà ń fa ìlà, ma?"

"Kí n má baà ṣìnà ni."

Abẹ́rẹ́ náà ta á dé àgbọ̀n. Nígbà tó yá, etí náà kú, bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni. Kò dùn ún mọ́, ṣùgbọ́n etí ni wọ́n ń gé, gbogbo rẹ̀ ló ń gbọ́ nítòsí, títí kan bí sísọ́ọ̀sì ṣe ń pa ẹnu dé. Ó gbóòórùn nǹkan tó jó. Dókítà ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé bí wọ́n ṣe ń fi iná dá ẹ̀jẹ̀ dúró nìyẹn. Wọ́n so òwú kan mọ́ òkè ohun tí wọ́n gé, kí àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò lè mọ bó ṣe dúró lára rẹ̀. Ìyẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Nọ́ọ̀sì wé báńdéèjì mọ́ ọn lórí. Ó ní kó má jẹ́ kí omi kàn án fún ọjọ́ méjì, kó má fẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn, kó má gbé ẹrù wúwo. Etí náà á wú, kó má fòyà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, kó fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú láì ṣí i wò. Bí kò bá dúró, tàbí bó bá ń ṣọyún, tàbí tí ibà bá dé, kó tètè padà wá. Okùn tí wọ́n fi rán an, ọjọ́ kẹwàá ni wọ́n yọ ọ́.

Dídúró de èsì àyẹ̀wò ló le jù. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi sùn dáadáa. Nígbà tí èsì dé, ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ohun tí wọ́n gé mọ́, ọ̀kan ò mọ́, jẹjẹrẹ ṣì kù níbẹ̀.

"Ṣebí ẹ fa ìlà," ó ní, inú sì ń bí i.

"Mo fà á," Dókítà dáhùn. "Ìlà mi ló súnmọ́ ọn jù. A máa gé e díẹ̀ sí i."

Ọ̀gá Déédé wò ó. Kì í sábà gbọ́ kí oníṣẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀. Òun náà ò sọ ọ́ fún ẹni tó ni tábìlì yẹn. Láti ọjọ́ yẹn ló ti fọkàn tán an. Wọ́n gé e lẹ́ẹ̀kejì, ó tún dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, èsì sì dé pé gbogbo rẹ̀ ti mọ́. Dókítà ní kó máa wá fún àyẹ̀wò lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, kó sì sá fún oòrùn.

Nílé, ó wo dígí. Òkè etí ọ̀tún ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó dùn ún, kò sì fi pa mọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Tíṣà ṣí báàgì, ó kó pẹ́ńsù mọ́kànlá sórí tábìlì. Ó mú ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ gba ọ̀nà tó mọ̀ lọ. Pẹ́ńsù náà já bọ́. Ó he é, ó fi í síbẹ̀, ó tún já bọ́. Nígbà tó fẹ́ gbé e lọ sí òsì, ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ọ̀kan yẹn nìkan ló kù fún wa, Bàbá wọn."

Lọ́jọ́ kejì, ó yọ akẹtẹ̀ lẹ́yìn àpótí, ó gbọn eruku rẹ̀ nù, ó sì rán aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ọn lápá ọ̀tún, èyí tí pẹ́ńsù kan ṣoṣo lè wọ inú rẹ̀. Ó ki pẹ́ńsù bọ̀ ọ́.

"Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ńsù," ó ní, "kó dé akẹtẹ̀."

Ó dé e. Ó tún kan òrùlé kékeré síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó sì wá jẹ́wọ́ pé òun ń rí ojú igi dáadáa níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń lọ sí etí ọ̀tún tó bá fẹ́ fa ìlà, akẹtẹ̀ ló sì ń bá níbẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá bá nǹkan kan, ó ti mọ̀ pé orí òun wà lófìfo nìyẹn, á sì padà wọlé lọ mú akẹtẹ̀ náà.