Ìwé Ìwakọ̀ Tó Dé Ṣáájú Ìdánwò

Ọjọ́ Àìkú ni ọ̀rẹ́ ọkọ mi gbé ìwé ìwakọ̀ ọmọ mi wá sílé wa ní Marcory, ní Abidjan. Ọmọ náà, àkọ́bí mi obìnrin, ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjìdínlógún ni. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló tíì jókòó sídìí ọkọ̀ rí, ìgbà kejì ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọkọ̀ bàbá rẹ̀ wó ògiri. Síbẹ̀ permis, bí wọ́n ṣe ń pe ìwé ìwakọ̀ níbí, ti dé, fọ́tò rẹ̀ wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò dán an wò.

Ọkùnrin yìí ló ni ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní ọkọ̀ wíwà. Ó ń jẹun lọ́wọ́, ó fi ìka tí epo ọbẹ̀ mi wà lára rẹ̀ ti ìwé náà sí mi.

“Ìyàwó wa, mo ti gbà yín lọ́wọ́ wàhálà. Ta ló tún ń ṣèdánwò láyé ìsinsìnyí?”

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta aṣọ lẹ́bàá títì, mo sì ti rí ohun tí ọkọ̀ máa ń fi èèyàn ṣe. Mo gba ìwé náà, mo tì í mọ́ àpótí.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ wá bá mi. Faransé ló fi bá mi sọ̀rọ̀, bó ṣe máa ń ṣe tínú bá ń bí i. Ó ní mi ò fọkàn tán òun.

Mo ní, “Ọkọ̀ ni mi ò fọkàn tán. Máa wọ woro-woro bíi gbogbo èèyàn.”

Woro-woro ni takisí tí èrò jọ máa ń wọ̀ ládùúgbò wa. Ló bá ń wọ̀ ọ́ lọ sí Biétry, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan, bó ṣe ń bọ̀, woro-woro náà ya kúrò lójú títì, ó sì forí sọ òpó iná. Aládùúgbò wa kan ló sáré wá pè mí ní ìsọ̀.

Mo bá a nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ọwọ́ òsì tó ti kán. Àwọn kan na tẹlifóònù sókè, wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀. Obìnrin kan tó múra dáadáa ń tú báàgì ọmọ mi. Ó ní nọ́ńbà ìyá ọmọ náà lòun ń wá. Mo gba báàgì náà.

Dírẹ́bà náà dàgbà tó bàbá mi. Ó ti ń wakọ̀ kí n tó dé Abidjan. Ó ní oyin ló gba fèrèsé wọlé, tó ta òun lójú. Ojú náà sì wú lóòótọ́. Oyin lásán.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ ọkọ mi wá kí wa, ó bojú wo sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi di ọwọ́ ọmọ náà, ó rẹ́rìn-ín.

“Ṣé ẹ rí i? Ká ní ẹ jẹ́ kó máa wa ọkọ̀ ara rẹ̀ ni.”

Mo gbé àwo oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀. Ó rí mi lára. Ṣùgbọ́n èmi náà rí ara mi lára, torí pé ẹnu mi ló ní kó wọ woro-woro.

Ọmọ mi ló fọhùn, ní Yorùbá, àfi Tonton tí àwọn ọmọ ibí fi ń pe ọ̀rẹ́ bàbá wọn. “Tonton, ẹ mú ìwé yín lọ. Màá ṣe ìdánwò náà fúnra mi.”

Ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ló lọ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ san. Ó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan, ó yege lẹ́ẹ̀kejì. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi ọkọ̀ bàbá rẹ̀ gbé mi lọ sí Anoumabo, mo di ilẹ̀kùn mú títí ìka fi ń dùn mí. Ní oríta, onítakisí kan yọrí, ó tutọ́, itọ́ náà sì bà sára gíláàsì iwájú wa. Mo yíjú kúrò. Ọmọ mi tan ohun tí ń nu gíláàsì, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì wakọ̀ lọ.