Ìgò oògùn ojú tó ń yí yàrá ká

Kòkòrò tó wà lójú mi mọ oògùn tí mò ń kán sí i jù mí lọ.

Àpólò mú mi, mo kán gentamisínì títí, kò lọ. Lónìí, wọ́n yẹ ipin ojú mi wò ní labo àyẹ̀wò kan ní àdúgbò Koulouba. Sàídì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ní:

"Tantie, kòkòrò yìí ní jíìnì kan tó ń sọ oògùn yẹn di omi lásán."

"Níbo ló ti rí i?"

"Ó lè jẹ́ kòkòrò míì ló fún un. Wọ́n máa ń fún ara wọn."

Bí àwa náà ṣe ń ṣe nílé wa ní Hamdalaye nìyẹn. Ìgò oògùn kan ṣoṣo ló ń yí gbogbo yàrá ká.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé. Màmá Ràfíù, aládùúgbò mi, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ pọ́n, ó na ọwọ́ sí ìgò gentamisínì tó wà lọ́wọ́ mi. Ó ti ń dúpẹ́ pé barka kí n tó fún un.

Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ máa fún un?